Òru tí Santos já, tí Bahia ò já

Aago kan ààbọ̀ òru ti kọjá, Oṣù Kejìlá 2023, gbogbo àdúgbò ti sùn àfi jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó ń pariwo bíi pé òun nìkan ni wọ́n dá sáyé, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi aṣọ bo fóònù kí iná ẹ̀ má bàa jí ìyàwó mi. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Kì í ṣe Arsenal o, kì í ṣe Chelsea, kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn tí ẹ máa ń tìtorí ẹ̀ bú ara yín lórí Facebook. Esporte Clube Bahia ni, kíláàbù kan ní ìlú Salvador, lápá àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì. Ìdíje tó kẹ́yìn nínú líìgì ni, tí wọn ò bá na Atlético Mineiro lóru ọjọ́ yẹn, líìgì kejì ni wọ́n máa já sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é: àwòrán á dúró gbagidi, ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á há sókè, tó bá fi máa padà bọ̀ sípò wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn, o ò sì ní mọ bí gọ́ọ̀lù ṣe wọlé.

"Bàbá Déọlá, kí lẹ ń wò láàjìn?"

Mo ní Bahia ni.

"Ta ní ń jẹ́ Bahia?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti yíjú sí ògiri.

Ó ń dùn mí pé mi ò dá a lóhùn. Èsì yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, ó sì gùn díẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2018 mo lo oṣù mẹ́rin ní Salvador. Èdè Potogí ni mo lọ kọ́, bí owó ṣe jẹ́ àti bí físà ṣe jẹ́, ìtàn ọjọ́ mìíì nìyẹn. Yàrá kan ni mo gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń fi "Seu" ṣáájú orúkọ àgbàlagbà lọ́hùn-ún, ẹnu mi ò gbà á, Bàbá ni mò ń pè é, nígbà tó yá òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ọmọ òun láti ilẹ̀ Nagô ló dé yìí. Nagô, ìyẹn àwa Yorùbá, orúkọ tí wọ́n ń pè wá látìgbà tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀ lẹ́rú. Ìyàwó ẹ̀ máa ń din àkàrà. Àkàrà gidi, ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n lọ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àmọ́ wọ́n máa ń là á láàárín bíi búrẹ́dì kí wọ́n tó ki edé gbígbẹ àti ọbẹ̀ ilá sí i. Acarajé lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí Bahia bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, Ìyá á wọ aṣọ funfun, á wé gèlè funfun, á gbé ìkòkò epo ẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà pápá, èmi ni mo sì máa ń gbé garawa ẹ̀wà lílọ̀ tẹ̀lé e, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá mi á fẹ́ẹ̀ já.

Tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá Fonte Nova yẹn, omi lẹ máa kọ́kọ́ rí, adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó. Orí omi yẹn ni àwọn òrìṣà dúró sí. Ère ni o, ẹni tó ṣe wọ́n ń jẹ́ Tatti Moreno, láti 1998 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, mẹ́jọ ló wà lójú omi, wọ́n to ara wọn yíká bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó, wọ́n ga fíofío. Ọjọ́ kìíní tí mo rí wọn látinú bọ́ọ̀sì, ẹnu mi ló yọ, mo pariwo "Ọ̀ṣun!" Ìyá kan tó jókòó tì mí wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Oxum ni, bíi pé kí ló tún fẹ́ kó jẹ́. Pápá yẹn ò sì dí lápá ibi tó kọjú sí omi, ó rí bíi pátákò ẹṣin, tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ ó rò pé àwọn òrìṣà ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Àwọn ará Bràsíìlì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn: tó bá jẹ́ pé oògùn ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀mì ni líìgì ìpínlẹ̀ Bahia ì bá máa já sí lọ́dọọdún. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó wọ pápá rí láìkọ́kọ́ dúró lódìkejì títì kí Ọ̀ṣun.

Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn kíláàbù náà, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ni ín lónìí kọ́ ló bí i. Ọjọ́ kìíní ọdún 1931 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kíláàbù olówó méjì ló wà nílùú, Associação Atlética da Bahia àti Clube Bahiano de Tênis, àwọn méjèèjì pa bọ́ọ̀lù gbígbá tì, làwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tí ò níbi tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sí mọ́ bá kóra jọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Bahiano de Tênis yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà dúdú ní Salvador, wọ́n á sọ fún yín pé nígbà yẹn èèyàn dúdú kì í gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Ypiranga ni kíláàbù mẹ̀kúnnù láyé ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni Popó, ìràwọ̀ dúdú tí gbogbo ìlú mọ̀, ti gbá bọ́ọ̀lù, kódà Irmã Dulce, ìyá tó ń tọ́jú àwọn tálákà tí Póòpù sọ di ẹni mímọ́ ní 2019, Ypiranga ló ń ṣe láti kékeré. Vitória tó ń bá Bahia figagbága nílùú kan náà wà, látọdún 1899, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní sọ jùyẹn lọ nípa wọn. Bàbá ò lè ka Yorùbá lóòótọ́ ṣùgbọ́n n ò fẹ́ wàhálà.

Báwo ni kíláàbù àwọn ọmọ olówó ṣe wá di ti Ìyá alákàrà? Gọ́ọ̀lù ló ṣe é, tẹ́ ẹ bá bi mí. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé a bí i láti borí, ọdún àkọ́kọ́ yẹn náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀, ó tún ń gbà á léraléra, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ibi tí ìlù bá ti ń dún lọmọdé ń sá lọ. Àwọ̀ àsíá ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì mú, búlúù, pupa, funfun, kò sí ọmọ Bahia tó lè sọ pé kì í ṣe tòun. Nígbà tí Fonte Nova fi máa ṣí ní 1951, tí àyè wá wà fún tálákà láti dúró wò, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn onítẹ́níìsì.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ti Santos, kíláàbù Pelé.

Ọdún 1959 ni Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tó kó àwọn kíláàbù látìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ pọ̀, Taça Brasil, ẹni tó bá gbà á ló máa ṣojú orílẹ̀-èdè nínú Libertadores, ìdíje àwọn kíláàbù Gúúsù Amẹ́ríkà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ ẹni tó máa gbà á. Pelé ti gba ife àgbáyé ní Sweden lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ ọdún 17, Santos ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, àwọn Pepe, Coutinho, Zito náà wà níbẹ̀. Bahia yọ Vasco da Gama ti Rio kúrò ná, wọ́n ní ó ṣèèṣì. Ni wọ́n bá lọ bá Santos nílé ẹ̀, ní Vila Belmiro, 10 Oṣù Kejìlá, wọ́n nà án 3-2. Santos wá sí Salvador ní 30 oṣù yẹn kan náà, òun náà na Bahia 2-0, ó di kí wọ́n tún un gbá ní ibi tí kì í ṣe tẹnì kankan. Ìdíje kẹta yẹn ò wáyé títí di 29 Oṣù Kẹta 1960, ní pápá Maracanã ní Rio. Kóòṣì ti yí padà láàárín ìgbà yẹn, ọmọ Ajẹntínà kan ló wà níbẹ̀ báyìí, Carlos Volante. Àwọn ará Bràsíìlì máa ń pe agbábọ́ọ̀lù àárín tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn ní "volante", orúkọ bàbá yìí ni wọ́n sọ di orúkọ iṣẹ́, látìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Flamengo. Ṣé ẹ rí i, èèyàn á gbá bọ́ọ̀lù títí orúkọ ẹ̀ á di ọ̀rọ̀ inú èdè.

Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà. Ó ní rédíò kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò, ti aṣọ́bodè kan, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà dúró, àwọn obìnrin ń ṣe bíi pé àwọn ò gbọ́. Pelé ò gbá ti ọjọ́ yẹn, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Santos ló kọ́kọ́ jẹ gọ́ọ̀lù, aṣọ́bodè fẹ́ pa rédíò, ìyá Bàbá di ọwọ́ ẹ̀ mú. 3-1 ló parí sí, fún Bahia. Kíláàbù Bràsíìlì àkọ́kọ́ nínú Libertadores nìyẹn, 1960, ara ìlú tí àwọn ará São Paulo ń pè ní ará oko. San Lorenzo ti Ajẹntínà ló lé wọn jáde níbẹ̀, kíá báyìí, ìyẹn ò kan Bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ń bí Bàbá nínú: wọn ò ka ife yẹn mọ́ ife líìgì orílẹ̀-èdè títí di 2010! Ọdún 51. Tí àwọn gúúsù bá ń ka àwọn tó ti gba líìgì, 1971 ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, bíi pé kò sí bọ́ọ̀lù kó tó dìgbà yẹn. Òótọ́ ni pé Santos náà jèrè nínú àtúnkà yẹn ju Bahia lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ife tí wọ́n gbà láyé Pelé ni wọ́n dá padà fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ ọ́ fún Bàbá rí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Pelé yìí náà, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ní Salvador ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 16 Oṣù Kọkànlá 1969 Santos wá gbá bọ́ọ̀lù ní Fonte Nova, Pelé ti ní gọ́ọ̀lù 999, gbogbo pápá kún torí ẹgbẹ̀rún yẹn. Ó ja bọ́ọ̀lù gbà, ó gbá a, ó ń lọ sínú àwọ̀n, ni ẹlẹ́yìn Bahia kan tó ń jẹ́ Nildo sáré dé, ó gbá a jáde lórí ìlà. Wọ́n hó lé e lórí. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹ̀ o! Wọ́n bú u bíi pé òun ló jẹ gọ́ọ̀lù sílé ara ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà Pelé jẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀ ní Maracanã, Rio ló gba ògo yẹn náà. Bàbá wà lára àwọn tó hó. Ó ní ojú ń ti òun di òní, ṣùgbọ́n tó bá tún ṣẹlẹ̀ òun á tún hó.

Ife kejì ni ti 1988, Oṣù Kejì 1989 ni wọ́n parí ẹ̀. Evaristo de Macedo ni kóòṣì, Bobô lọ́ba. Ọjọ́ tí wọ́n na Fluminense 2-1 ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, èèyàn 110,438 ló wà ní Fonte Nova, kò tíì sí irú ẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi wó o. Ní àṣekágbá, Bobô jẹ gọ́ọ̀lù méjì sí Internacional nílé, 2-1, wọ́n lọ sí Porto Alegre, wọ́n dì í mú ní 0-0. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni Bràsíìlì gbé Copa América, ife àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà, wá sí Salvador, kóòṣì orílẹ̀-èdè, Lazaroni, fi Charles, atamátàsé Bahia, sílẹ̀ nílé. Háà. Wọ́n hó lé orin orílẹ̀-èdè lórí, wọ́n ju ẹyin lu Renato Gaúcho, agbábọ́ọ̀lù Bràsíìlì kan, wọ́n ń pariwo orúkọ Charles nígbà tí Bràsíìlì ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ìwé ìròyìn gúúsù ní àwọn ará Bahia ò nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè wọn. Èmi ò rí ẹ̀bi wọn. Ẹ gba ife orílẹ̀-èdè tán, ẹ wá ní ọmọ wa ò dáa tó láti gbá a nílé bàbá ẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, ìsọ̀kalẹ̀ ló kù. Wọ́n já ní 1997, wọ́n tún já ní 2003, tí Cruzeiro wá nà wọ́n 7-0 ní Fonte Nova lọ́jọ́ ìkẹyìn, Alex nìkan jẹ márùn-ún. Ní 2005 wọ́n já sí líìgì kẹta, Vitória já tẹ̀lé wọn lọ́dún kan náà, ó ní àwọn tí ìyẹn tù nínú. Síbẹ̀ èèyàn ò yéé wá. Líìgì kẹta, pẹ̀lú èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta! Ìyẹn ni 25 Oṣù Kọkànlá 2007, Bahia àti Vila Nova, 0-0, tó gbé wọn padà sí líìgì kejì. Kọnkéré òkè pápá, ibi táwọn èèyàn ń fò sókè sódò sí, ló já lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Èèyàn méje ló kú. Nísàlẹ̀, àwọn yòókù ti ya wọ inú pápá, wọ́n ń jó, wọn ò mọ̀.

Bàbá wà lápá kejì. Ó kọrin títí délé, ó ra ọtí lọ́nà. Ó dé, ó bá Ìyá nílẹ̀ ilé ìdáná, gèlè funfun lọ́wọ́ ẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, kò mọ̀ bóyá ọkọ òun ń bọ̀. Ó sọ èyí fún mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ń bó ẹ̀wà, kò sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n fi àdó olóró wó pápá yẹn ní 2010, wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀ nítorí ife àgbáyé, wọ́n ṣáà fi ẹnu pátákò ẹṣin yẹn sílẹ̀ kó máa wo omi. Ọdún 2013 tó ṣí, ọdún wàhálà ni. Ọjọ́ ìṣílé Vitória na Bahia 5-1. Oṣù tó tẹ̀ lé e, 7-3. Wọ́n tún ní FIFA ò ní jẹ́ kí àwọn alákàrà tà nítòsí pápá, àkàrà o, ní Salvador, àwọn obìnrin yẹn sì jà, wọ́n kọ̀wé, wọ́n wọ́de, títí wọ́n fi gbà kí mẹ́fà nínú wọn tà. Ìyá ò sí lára mẹ́fà yẹn, ṣùgbọ́n ó bá wọn wọ́de, fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ ju ti ìgbéyàwó ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn náà ni ilé ẹjọ́ yọ àwọn tó ń darí kíláàbù, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́, ní Oṣù Kẹsàn-án àwọn alátìlẹ́yìn fi ìbò ara wọn yan ààrẹ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń dìbò ní kíláàbù tí àwọn ọmọ Bahiano de Tênis dá sílẹ̀. Tí mo bá ń sọ pé kíláàbù yìí pààrọ̀ ọwọ́, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ní Oṣù Kọkànlá 2018 tí mo wà níbẹ̀, orúkọ àwọn akọni èèyàn dúdú ni wọ́n kọ sẹ́yìn jẹ́sì dípò orúkọ agbábọ́ọ̀lù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e tí epo rọ̀bì dà sí etíkun wọn, wọ́n wọ jẹ́sì tí àbàwọ́n epo wà lára ẹ̀ wọ pápá.

Wọ́n wá tà á. Oṣù Kejìlá 2022, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò pé kí City Football Group tó ni Manchester City ra 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Mo pè é, mo ní Bàbá, ẹ gbà á lọ́wọ́ olówó ìlú, ẹ tún gbé e fún olówó Abu Dhabi? Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ló wà ní líìgì kẹta?" Mo dákẹ́. Èmi ì bá dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́, ó wà lọ́kàn mi títí dòní, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo wà, ó rọrùn láti wà ní Ìbàdàn kéèyàn máa ní ìlànà.

Owó yẹn dé, wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n bá ara wọn nínú ewu ní 6 Oṣù Kejìlá 2023, tó ti di ọjọ́ keje lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wọ ìdíje yẹn láti inú kòtò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ dípò wọn. Àwọn tó wà lókè wọn ni Vasco àti Santos. Santos tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, tí kò já rí láyé ẹ̀. Bahia na Atlético 4-1. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi fi jí, wọ́n ti ń wo fóònù lórí ìjókòó, wọ́n ń dúró de Vila Belmiro, níbi tí wọ́n ti jẹ mẹ́ta ní 1959. Fortaleza ló wà níbẹ̀, ará àríwá ìlà-oòrùn bíi tiwọn, ó na Santos 2-1. Bahia 44, Santos 43.

Mo pariwo. Déọlá jí, ìyàwó mi jí, ó ní ṣé olè ni.

Fọ́ìsì nóòtì Bàbá dé láago mẹ́rin òru. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni. Ariwo ìbọn òfìfo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àti "Baêa! Baêa!", bí wọ́n ṣe ń pe Bahia, àti Ìyá tó ń kọrin lẹ́yìn, Bàbá ń pe orúkọ mi, ó ń bú ẹni tí mi ò mọ̀. Nígbà tó yá ó dà bíi pé ó jìnnà sí wọn, bóyá ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó kú díẹ̀ kó pé ọdún kan tí Pelé ti kú.

Ohùn ẹ̀ relẹ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe fún Pelé o."